Ìwé Àṣẹ Ìkọ́lé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Ilẹ̀ Òkun: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin tó wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun. Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé sí ìlú rẹ̀, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ó sì tún wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀fíìsì ìṣètò ìlú ní káńsù Kàbà-Bùnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Murò àti Yàgbà méjèèjì, tí wọ́n ń bi wá bí wọ́n ṣe lè gbé iṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó má di wàhálà tuntun. A ò to ìbéèrè wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, kó fo tòkè.

Ilẹ̀ baba mi ni. Kí ló dé tí mo tún ní láti gbàṣẹ kí n tó kọ́lé síbẹ̀?

Kò sẹ́ni tó ń bá yín jiyàn pé ilẹ̀ baba yín ni. Ohun tí ìwé àṣẹ ìkọ́lé fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹ fẹ́ gbé ka ilẹ̀ náà: bó ṣe jìnnà sí títì tó, ibi tí ẹ̀gbin rẹ̀ yóò gbà, àti bóyá yóò dí ojú àgbàrá mọ́ aládùúgbò. Òfin ìṣètò ìlú àti ìgbèríko tó jáde ní 1992 pín iṣẹ́ yìí sí ọ̀nà mẹ́ta, ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀. Nígbà tó di 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀ pé, yàtọ̀ sí Àbújá, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣètò ìlú wà. Nítorí náà, Lọ́kọ́ja, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, àti ọ̀fíìsì tó sún mọ́ yín ni ẹ ó kọjú sí.

Kì í ṣe ilé tuntun nìkan ni. Ẹni tó fẹ́ gbé àjà kejì lé ilé, ẹni tó fẹ́ sọ pálọ̀ di ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó fẹ́ sọ ilé ẹbí di òtẹ́ẹ̀lì, gbogbo wọn ló kàn.

Mo ti ní C of O. Ṣé kò tó ni?

Kò tó. C of O ń sọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀, ìwé àṣẹ ìkọ́lé ń sọ ohun tó lè kọ́ síbẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fúnni ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kéde pé ó jẹ́ ti ìgboro. Ẹ lè ní ọ̀kan kí ẹ má ní èkejì. Bí ẹ sì rí àṣẹ ìkọ́lé gbà, kò túmọ̀ sí pé ẹ ti borí ẹjọ́ ilẹ̀.

Bí wọ́n bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé yóò yá?

Yóò yá fún ẹni tí fáìlì rẹ̀ pé. Ẹni tí tirẹ̀ kò pé, ńṣe ni yóò tètè gbọ́ pé kò pé, tí wọ́n bá ṣe ojú òpó náà dáadáa. Bí wọn ò bá ṣe é dáadáa, ibi tó ti ń dúró nínú kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀ ni yóò ti máa dúró nínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Àǹfààní wà níbẹ̀ fún wa ní pàtàkì, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́lé sílé ni kò gbé ilé. Ọmọ Ìsánlú tó wà ní Èkó kò ní máa fi àpòòwé rán àbúrò rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí fáìlì wọlé yóò wà ní àkọsílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò rí i. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣì ní láti gun ọ̀kadà lọ wo ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ni yóò fọwọ́ sí i, ó ń tàn yín ni.

Kí ló máa ń mú kí wọ́n dá fáìlì padà?

Bí mo bá ní kí n ya àwòrán fáìlì kan tí wọ́n ń dá padà, báyìí ni yóò rí. Pláànù ilé onírúùmù mẹ́ta wà níbẹ̀, èyí tí ayàwòrán ti tà fún ẹlòmíràn ní Ìlọrin rí, tó kàn pa orúkọ dà. Nínú àwòrán, ọ̀nà wà níwájú ilé. Lórí ilẹ̀, odò kékeré ló wà níbẹ̀, ọ̀nà wà lẹ́yìn. Ọfà tó yẹ kó máa tọ́ka sí àríwá kàn ń tọ́ka sókè ìwé lásán, torí pé bó ṣe wà nínú pláànù Ìlọrin nìyẹn. Orúkọ bàbá tó ti dolóògbé ló wà lórí sọ́fè, orúkọ ọmọ wà lórí fọ́ọ̀mù, orúkọ tí ìyàwó fi ń pè é sì wà lórí ríṣíìtì owó orí. Gbogbo rẹ̀, fóònù ni wọ́n fi yà á lórí bẹ́ẹ̀dì. Òjìji ọwọ́ ẹni tó yà á ló bo èdìdì sọ́féyọ̀ mọ́lẹ̀.

Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó láti dá iṣẹ́ dúró. Òṣìṣẹ́ tó gba fáìlì báyìí kò lè mọ ilé wo ni wọ́n ń sọ.

Ohun kan wà tí íntánẹ́ẹ̀tì tún wá dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Pláànù tí wọ́n kọ 1:100 sí lára (ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé dúró fún mítà kan lórí ilẹ̀), bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kékeré, kì í ṣe 1:100 mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ayàwòrán fa ìlà ìwọ̀n sínú àwòrán náà gan-an, ìlà tó ń sọ pé láti ibí dé ibí jẹ́ mítà márùn-ún. Bí ìwé bá fẹ̀ tàbí tó sún kì, ìlà náà á bá a fẹ̀, á bá a sún kì. Kí wọ́n sì kọ iye mítà sára ògiri kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí ayàwòrán fi PDF ránṣẹ́ tààrà láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹ tún wá fi fóònù yà á.

Wọ́n ní ilẹ̀ mi tó wà ní Kàbà bọ́ sí Gánà lórí máàpù. Ṣé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?

Wọn ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ, torí ibi tí Olódùmarè fi wá sí.

Ẹ wo àwọn nọ́ńbà gígùn tí sọ́féyọ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ òpó bíkìn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kọ̀ọ́dínéètì. Nínú ìlànà UTM tí ọ̀pọ̀ sọ́féyọ̀ ń lò lónìí, wọ́n pín ayé sí sóònù, dígírì mẹ́fà mẹ́fà. Ìlà tó pín sóònù 31 àti sóònù 32 níyà, ìyẹn dígírì 6 ìlà oòrùn, àárín ilẹ̀ Òkun gan-an ló gbà kọjá. Kàbà bọ́ sí sóònù 32. Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ bọ́ sí sóònù 31. Ẹni tó bá gun ọkọ̀ láti Kàbà lọ sí Mọ̀pà ti kọjá ààlà yẹn lójú ọ̀nà, kò kàn mọ̀ ni.

Nọ́ńbà sóònù méjèèjì jọ ara wọn. Bí sọ́féyọ̀ kò bá kọ sóònù tó lò sórí pláànù, tí òṣìṣẹ́ sì fi nọ́ńbà ilẹ̀ Kàbà sínú sóònù 31, kọ̀ǹpútà yóò gbé ilẹ̀ náà lọ nǹkan bíi kìlómítà 660 sí apá ìwọ̀ oòrùn. Gánà nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Ìsánlú ni wọ́n fi sínú sóònù 32, ó di apá Tàrábà àti Àdàmáwá, nítòsí ààlà Kamẹrúùnù. Ẹni tó rí Gánà yóò mọ̀ pé àṣìṣe wà, èyíinì sàn.

Èyí tí kì í hàn ló burú. Minna ní Ìpínlẹ̀ Niger ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà látijọ́, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ pláànù wa ṣì dúró lé. Àwọn pláànù àtijọ́ mìíràn tún wà lórí Nigeria West Belt, ìlànà àtijọ́ kan tí sọ́féyọ̀ ń lò dípò UTM. WGS84 sì ni GPS inú fóònù yín ń lò. Nọ́ńbà ti Minna àti ti WGS84 kò bára mu, ìyàtọ̀ àárín wọn sì tó láti gbé ilẹ̀ yín kọjá pílọ́ọ̀tì mélòó kan, sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn nínú ìlú kan náà. Kò sí ẹni tí yóò fura, títí ìjà yóò fi bẹ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, kí fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì bèèrè sóònù àti ìlànà ìwọ̀n ní àyè ọ̀tọ̀, kó má gbà kí ẹnikẹ́ni fò ó. Lẹ́yìn náà, kó gbé máàpù jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó bi ẹni tó ń kọ ọ́ pé: ṣé ibí ni ilẹ̀ yín wà? Ìyá àgbà tí kò mọ nǹkan kan nípa sóònù mọ ibi tí ilé ìjọsìn wà àti ibi tí odò gbà. Yóò mọ̀ bí kì í bá ṣe ibẹ̀.

Ilẹ̀ ẹbí ni, a pọ̀. Ta ni yóò fọwọ́ sí i?

Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹ̀ka ẹbí. Ohun tí ilé ẹjọ́ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ tipẹ́ ni pé bí olórí ẹbí bá dá ta ilẹ̀ láìjẹ́ kí àwọn olórí ẹ̀ka mọ̀ sí i, wọ́n lè lọ yí i padà. Bí àwọn yòókù bá sì tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò tíì dúró rárá. Ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sí ìwé ìfọwọ́sí, kí ẹ̀ka tí kálukú ti wá hàn. Ẹni tó bá wà ní òkè òkun lè fọwọ́ sí i níwájú nótárì níbẹ̀, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́. Kí ẹ parí èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ayàwòrán, torí mo ti rí pláànù tó rẹwà tí kò rílẹ̀ jókòó lé.

Báwo ló ṣe yẹ kí ilé jìnnà sí títì, sí wáyà iná, sí odò?

Títì ìjọba àpapọ̀, bí èyí tó ti Ọ̀bàjánà wọ Kàbà, ní ilẹ̀ tirẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tí kò mọ sí ibi tí kọnkéré tàbí ọ̀dà parí sí. Mítà 45.72 láti àárín títì ni wọ́n ń kà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe wo ṣọ́ọ̀bù tó ti wà níbẹ̀ kí ẹ wá sọ pé wọn ò fi ọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fẹ títì náà ni wọn yóò fọwọ́ kàn án.

Ní ti wáyà ńlá orí òpó onírin, mítà 15 ni sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún 132kV, mítà 25 fún 330kV (nọ́ńbà kV ń sọ bí iná inú wáyà ṣe lágbára tó).

Ọ̀rọ̀ kàǹga àti sókàwéè ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, níbòmíràn kò jìn rárá, omi sì ń gba inú sísán àpáta kọjá. Ẹ̀gbin tó bá bọ́ sínú sísán kì í ní iyẹ̀pẹ̀ tí yóò sẹ́ ẹ kó tó dé kàǹga. Mítà 30 láàárín sókàwéè tàbí ṣáláńgá àti kàǹga ni àwọn onímọ̀ ìlera ń sọ, lórí ilẹ̀ bíi tiwa, mi ò ní dín in kù. Lórí pílọ́ọ̀tì 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà, tó jẹ́ mítà 15 sí 30 péré, èyí kì í rọrùn. Àfi kí pláànù fi kàǹga aládùúgbò hàn pẹ̀lú, kí ẹ̀yin àti òun jọ mọ ibi tí kálukú yóò gbẹ́ tirẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ pláànù kì í fi ohun tó wà lẹ́yìn ògiri hàn rárá, bí ẹni pé ilé náà nìkan ló wà láyé.

Ta ló lè ya pláànù fún mi?

Ẹni tí ìgbìmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀: ARCON fún ayàwòrán ilé, COREN fún ẹnjiníà, TOPREC fún onímọ̀ ìṣètò ìlú, SURCON fún sọ́féyọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwòrán ẹnjiníà di dandan. Bíríkìlà yín lè mọṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ, kò lè fi èdìdì lù ú fún yín.

Káńsù ni wá. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ ohun tí ẹ ń bèèrè fún ilé gbígbé, ohun tí ẹ ń bèèrè fún ṣọ́ọ̀bù, fún ilé epo, fún ilé ìjọsìn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí òṣìṣẹ́ méjì nínú ọ̀fíìsì kan náà bá ń bèèrè ohun tó yàtọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, ojú òpó yín ò ní yanjú rẹ̀.

Àwọn ará Ìlú Ọba ti ṣe èyí pẹ́. Láti 2002 ni ojú òpó kan ti wà fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Planning Portal. Ibẹ̀ lèèyàn ń gbà fi fáìlì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n káńsù kálukú ló ń dá ẹjọ́ tirẹ̀. Káńsù máa ń gbé àkọsílẹ̀ ohun tó ń bèèrè jáde, ó sì ní láti tún un wò láàárín ọdún méjì, kó má di pé wọ́n ń bèèrè ohun tí kò wúlò mọ́. Fáìlì tí kò pé, wọn kì í kà á sí pé ó ti wọlé. Ọjọ́ tó bá pé ni ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí òfin fún wọn lórí iṣẹ́ kékeré ń bẹ̀rẹ̀, mẹ́tàlá fún iṣẹ́ ńlá. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́dọ̀ wọn. Ẹ fi ẹ̀wù olówó tí wọ́n wọ̀ fún un sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wá dé orí kọ̀ǹpútà, kí fọ́ọ̀mù yẹ fáìlì wò *kó tó* gbowó. Gbígba owó kí á tó wo ìwé ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé owó nìkan là ń wá. Bí ẹ bá máa dá fáìlì padà, ẹ kó gbogbo àléébù rẹ̀ sínú lẹ́tà kan. Kí ẹ má sọ ti sọ́fè lónìí, kí ẹ sọ ti orúkọ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tó yéni pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì rántí pé àwọn Ẹ̀bìrà, Nupe àti Háúsá tó ń gbé láàárín wa náà ń kọ́lé. Ojú fóònù kékeré ni ọ̀pọ̀ yóò ti lò ó. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ láàárín, kí ohun tí ẹni náà ti kọ má pòórá.

Owó ńkọ́? Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ tó ń ka ìwé ńlá àti sólà kì í ṣe ohun tó yẹ kí káńsù máa dúró de Lọ́kọ́ja fún.

Ìyá mi ò mọ fóònù lò. Ṣé wọ́n ti tì í síta nìyẹn?

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kí tábìlì kan wà nínú ọ̀fíìsì, kí òṣìṣẹ́ bá irú wọn fi sínú kọ̀ǹpútà níbẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọn ò bá ṣe èyí, àwọn ọmọ káfè ni yóò di ọ̀fíìsì ìṣètò ìlú.

Àdírẹ́sì wo ni mo fẹ́ kọ? Ilé wa ò ní nọ́ńbà.

“Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ECWA, lẹ́bàá igi máńgòrò” ló kún inú fọ́ọ̀mù. Wọ́n lè gé igi máńgòrò náà lọ́la. Ìwé òfin 1999 fi sísọ òpópónà lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà káńsù ni kó ṣe é. Títí di ìgbà náà, ẹ kọ orúkọ àdúgbò àti ti agboolé, kí ẹ sì fi kọ̀ọ́dínéètì tì í.

Ibo ni mo ti ń sanwó?

Sínú àkáǹtì ìjọba nìkan. Iye rẹ̀ ń lọ bí ilé bá ṣe tóbi àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ gba ríṣíìtì. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà àkáǹtì ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín, ẹ má san án.

Ṣé gbogbo ayé ló máa rí ìwé mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ó dára kí aráàlú mọ̀ pé ẹnìkan fẹ́ kọ́ ilé epo sí àdúgbò wọn, kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ kó tó pẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 21 ni wọ́n máa ń fún aládùúgbò láti sọ tẹnu rẹ̀. Níbí, ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ ààfin àti ọjà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù, ìwé ìdánimọ̀ àti ìfọwọ́sí ẹbí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Òfin ààbò dátà ti 2023 bo ìwọ̀nyí. Pláànù ibi tí ilé yóò jókòó sí ló yẹ kó hàn, kì í ṣe yàrá tí ẹ ó máa sùn.

Mo ti kọ́ ọ dé rúùfù láìgbàṣẹ. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má sá. Ẹ pe ayàwòrán kó ya ilé náà bó ṣe wà, kì í ṣe bó ṣe wù yín kó rí. Ẹ lọ sí ọ̀fíìsì, ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n lè ní kí ẹnjiníà dán agbára rẹ̀ wò. Owó ìtanràn lè wà. Bí ilé bá jókòó sójú odò tàbí sínú ilẹ̀ títì, mi ò ní purọ́ fún yín, ìwé kankan ò lè tún ìyẹn ṣe.

Mo ti gbàṣẹ, ṣùgbọ́n owó ò tíì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ṣé àṣẹ náà máa ń kú?

Òfin 1992 fún yín ní ọdún méjì láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti lọ sọ ọ́ dọ̀tun. Bí ẹ bá sì yí pláànù padà lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ fi bàlíkónì kún un tàbí tí ẹ sọ yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú àwòrán tuntun lọ sí ọ̀fíìsì kí bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀ apá ibẹ̀. Ẹ̀dà tí wọ́n fi èdìdì lù, ẹ jẹ́ kó máa wà níbi iṣẹ́, nínú ọ̀rá tí òjò ò lè wọ̀, torí ìyẹn ni òṣìṣẹ́ ìjọba yóò kọ́kọ́ bèèrè nígbà tó bá dé.